Bàbá Dúpẹ́, Ẹni Tí Ó Ń Tọ Aláìsàn Ọpọlọ Lọ Sílé

Háà! Bàbá Dúpẹ́, ẹ ti lọ! Ọkọ mi àtàtà, aláàánú tí kì í kọ ẹnikẹ́ni, ó wá di ojú àlá.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Sókótó. Ilé tí a gbà ní Minanata, ẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e. Ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn lọ sílé àwọn tí orí wọn dàrú, ẹ ó fún wọn lóògùn, ẹ ó bẹ ẹbí wọn kí wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí télọ̀ kan ní Kofar Rini gbádùn, tí ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, ńṣe lẹ kọrin wọlé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ ìjọba kù, ó ku ẹ̀yin nìkan lẹ́nu iṣẹ́ náà. Orin tán lẹ́nu yín. Oúnjẹ kò wọ̀ yín lọ́fun mọ́. Bí Dúpẹ́ bá ń sunkún, ẹ ó jáde. Mo bínú sí yín nígbà náà. Ẹ foríjì mí.

Ìyá télọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kí yín bí àwọn Hausa ṣe ń béèrè àárẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn: "Ina gajiya?" Pé kò sí àárẹ̀ ni gbogbo ayé ń fèsì. Ẹ̀yin ní, "Akwai gajiya, Hajiya." Àárẹ̀ wà. Ẹ bú sẹ́kún. Màmá náà tẹ́ ẹní fún yín, ó ní kí ẹ sùn.

Nígbà tí ẹ délé, ẹ ní, "Ìyá Dúpẹ́, agbára mi ti tán. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

A lọ sinmi nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún oṣù kan. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ ní, "Ẹni tí n kò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lónìí, ó di ọ̀la." Ẹ tún ń bá wa jẹun. Kò ju ọdún kan lọ tí ibà ọjọ́ márùn-ún fi mú yín lọ.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ láti Gidan Igwai pé aláìsàn ń retí yín. Kí ni kí n wí? Mo ní ẹ ń sinmi.

Ẹ sùn re o, ọkọ mi. Ẹ sùn tẹ́rùn.