Ta Ni Ọ̀gá Igbákejì?

Ìgbà tí àwọn ológun wọ́gi lé ìdìbò nílé, tí wọ́n sì ń kó àwọn tó bá lanu sọ̀rọ̀ sí àtìmọ́lé, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí Maryland, l'Amẹ́ríkà níbí, ṣì kéré nígbà náà. Àwọn mìíràn nínú yín ò tilẹ̀ tí ì dáyé. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń yínmú bí olóṣèlú bá ń ṣèlérí. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Lára àwọn tí wọ́n kó ni Báyọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, ọkọ Ìyá Títí. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Títí, Hillcrest Heights níbí ló ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Báyọ̀ fínra, àwọn ológun ò sì jẹ́ kí oògùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwa tí a ń gbé pátákó kiri Washington ní gbogbo Sátidé, ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ là ń wá.

Ni a bá gbọ́ pé aṣòfin kan láti ilẹ̀ Faransé ń bọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là ń wò. A wo tọrùn rẹ̀, ó dára: òṣìṣẹ́ èbúté ni tẹ́lẹ̀, ó darí ìyanṣẹ́lódì, wọ́n tì í mọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ ló sì dìbò gbé e délé ìgbìmọ̀. A pè é sí gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Adelphi, ó sì wá.

Fúnkẹ́, tó kọ́ èdè Faransé ní Ìbàdàn, ló ń ṣe ògbifọ̀. Orúkọ tí àwọn Faransé ń pe aṣòfin jọ "deputy" létí, èyí tí í ṣe igbákejì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kí Fúnkẹ́ tó ronú, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Igbákejì ni wọ́n, láti Paris."

Bàbá Adéoyè, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fajú ro. "Igbákejì ta? Wọn ò rí ọ̀gá rán sí wa ni?"

"Daddy, ẹ má bínú, mo ṣì í sọ ni. Member of parliament ni wọ́n."

"Mo ti gbọ́. Ṣáà bá mi bi í, ta ni ọ̀gá rẹ̀?"

Nígbà tí Fúnkẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lé àyà. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá òun. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Ìyá Títí kúnlẹ̀, ó fi fọ́tò ọkọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà fà á dìde, ó ní òun yóò dárúkọ Báyọ̀ nílé ìgbìmọ̀ kí oṣù náà tó parí, òun yóò sì ní kí ilẹ̀ òun má ra epo lọ́wọ́ apààyàn mọ́. Bàbá Adéoyè nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Oṣù náà parí, òmíràn wọlé. Bí Fúnkẹ́ bá pe ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n á ní ó wà ní ìpàdé. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ó ti fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, wọ́n sì ti fi í ṣe mínísítà. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Títí mú ìwé ìròyìn wá sípàdé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Nínú àwòrán tó wà níbẹ̀, ọkùnrin wa ló jókòó sáàárín àwọn ológun ní Àbújá, ó wá bá wọn dúnàádúrà fún ilé iṣẹ́ epo kan.

"Ẹ wò ó," Ìyá Títí ní. "Ẹ̀rín tó rín sí mi náà nìyí."

Mo rántí ọwọ́ tí mo fi pa àtẹ́wọ́, ó ń rí mi lára. Fúnkẹ́ bú sẹ́kún. Bàbá Adéoyè gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́.

"Fúnkẹ́, o ò ṣì í sọ."

Àwọn ológun ti lọ, a ń dìbò nílé báyìí, mi ò sì ní sọ pé asán ni ìjà wa. Àmọ́ kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún Báyọ̀. Ikú olórí àwọn ológun ló ṣí i, apá ọ̀tún Báyọ̀ sì ti rọ kó tó jáde. Igbákejì kúrò nínú òṣèlú, ó lọ di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ epo náà gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèlérí fún yín, ìbéèrè Bàbá Adéoyè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í, kí ẹ má sì tíì pàtẹ́wọ́.

Títí wà láàárín yín, ó ti di obìnrin. Ó ṣì ń bi mí nípa fọ́tò yẹn. Ọkùnrin yẹn mú un lọ, kò dá a padà, òun nìkan sì ni fọ́tò tó wà níbi tí bàbá rẹ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.