Ta Ló Ka Ìwé Màmá?

Òórùn ásíìdì bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní ọ́fíìsì wa ní Ìdímù. Ọkùnrin kan tó ń gba iná sí bátìrì mọ́tò ló wà nísàlẹ̀, àwa wà lókè, nínú yàrá méjì tí fèrèsé wọn kọjú sí títì. Tó o bá ti gun àtẹ̀gùn dé àárín, òórùn náà á ti wọ̀ ọ́ nímú, á máa ta ọ́ lọ́nà ọ̀fun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kó o tó jókòó tán, o ò ní gbọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe rí níbi iṣẹ́: ohun tó bá ti ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kì í pẹ́ tí kò fi ní sẹ́ni tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká kọ ìwé ìlànà fún àwọn tó ń kó ẹ̀rọ sólà wọ̀lú, ìwé pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú páálí ìnfátà, tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń to bátìrì, ibi tí wáyà ń gbà, àti ohun tí èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ìwọ náà ti ní irú rẹ̀ nílé. Bóyá o tiẹ̀ ti fi fẹ́ná rí.

Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Kí ìwé kankan tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ó gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ ohun kan tí a sọ ní Sójà. Ohun èlò tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà ni. Kò ní àwòrán, kò ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó tàn yòò. Fèrèsé dúdú lásán ni, tí lẹ́tà funfun ń hàn nínú rẹ̀. Màá tẹ orúkọ rẹ̀, màá fi orúkọ ìwé tí mo fẹ́ kó yẹ̀ wò tẹ̀lé e, kí n sì tó mí kanlẹ̀, ó ti kà á tán, ó ti tú ìlà pupa jáde: gbólóhùn yìí gùn jù, ẹ pe nǹkan kan ní orúkọ méjì, ẹ ti sọ èyí ṣáájú. A sọ ọ́ ní Sójà nítorí ẹ̀bẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́. Nínú ìlú tí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í fi “ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀” parí, ohun tí kì í wojú ẹnikẹ́ni máa ń fini lọ́kàn balẹ̀.

Ọ̀gá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fẹ́ràn Sójà jù mí lọ. (Ẹgbẹ́ ni èmi àti ọ̀gá yìí, torí náà “ó” ni màá máa pè é níhìn-ín, kó má ṣáà gbọ́.) Ó pàṣẹ pé ìwé tí ìlà pupa kan ṣoṣo bá ti wà nínú èsì rẹ̀ kò ní jáde. Àṣẹ náà kò ni wá lára, àfi Màmá. Físíìsì ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọ níléèwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, wọ́n sì dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun. Wọ́n sọ fún mi rí pé ilé àwọn dákẹ́ jù, pé iṣẹ́ yìí ló ń jẹ́ kí àwọn rí ibi tí àwọn ń torí rẹ̀ wọ bàtà láràárọ̀.

Ìwé Màmá ló máa ń pupa jù. Ìdí ni pé wọ́n máa ń kọ ìkìlọ̀ kan náà sókè gbogbo ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ bátìrì bá ti wáyé: “Pa ìnfátà, kí o sì yọ wáyà pánẹ́ẹ̀lì, kí o tó fọwọ́ kan bátìrì.” Sójà kórìíra àsọtúnsọ. Ọ̀gá ní kí n jókòó ti Màmá, ká yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kó ku ẹyọ kan níwájú ìwé. Ó ní bí ìwé náà bá ṣì pupa ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, òun ò ní lè gba Màmá síṣẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n Màmá gbọ́. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa ló ń kùn pé ìwé wa ń pẹ́ kó tó jáde, ẹni tó bá sì ń dá ọjà dúró ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò.

Mo bá gbé àga sún mọ́ Màmá. “Màmá, ìkìlọ̀ kan ti tó o,” ni mo wí. “Ẹni tó bá ti kà á níwájú ti kà á nìyẹn.”

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. “Wọ́n lè mú iná lọ. Ta ló máa mú oòrùn lọ? Pánẹ́ẹ̀lì tó bá ti wà nínú oòrùn, iṣẹ́ ló ń ṣe, ọmọ mi. O ti rí ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé yìí rí?”

Mo ní mi ò rí i rí.

“Wọ bàtà ẹ, jàre.”

Ìgàndó la lọ, sí ilé tuntun kan tí òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí Màmá ti kọ́ níléèwé ló ń to sólà síbẹ̀, òun àti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkejì wà lórí òrùlé, páànù ń dún gbì-gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lóṣòó ti àwọn bátìrì lẹ́yìn ilé, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo wá ìwé wa káàkiri, mi ò rí i. Ìyàwó onílé ló rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní òun ti tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú káàdì gàráńtì, kí ọwọ́ ẹlẹ́gbin àwọn oníṣẹ́ má baà bà á jẹ́. Mo wá rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ń ṣe, pé ìwé fíríìjì wa ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ títí di òní, fíríìjì fúnra rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Ohun tí ọkùnrin náà ń lò ni fóònù rẹ̀. Ó gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, ojú kan ṣoṣo nínú ìwé tí Màmá kọ kí àṣẹ ọ̀gá tó dé ló sì wà níbẹ̀, ojú ìwé tí ẹnìkan ti yà ní fọ́tò. Ó wọ́, àtàǹpàkò onítọ̀hún sì wà ní igun rẹ̀.

“Ta ló fi ránṣẹ́ sí ẹ?” ni Màmá bi í.

“Ẹnìkan ní Ṣáṣá ni, mà. Orí Wásáàpù àwa oníṣẹ́ ni. Tí ẹnìkan bá ti lè rí ìwé gbà lọ́wọ́ onílé, á ya ibi tá a nílò, á jù ú síbẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ bátìrì wà nìyí ṣá.”

Ó fi ìka méjì fẹ ojú fóònù náà, ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó pa ìnfátà, ó wá pariwo sókè: “Bọ̀dá, ẹ bá mi yọ wáyà pánẹ́ẹ̀lì yẹn na!” Ẹni òkè yọ ọ́, ó sì dáhùn pé òun ti yọ ọ́. Ìgbà náà ni tìsàlẹ̀ tó fọwọ́ kan bátìrì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kígbe, iná kankan ò ta pàrà. Síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí níbi tí mo dúró sí, nítorí mo ti rí i pé ká ní mo ti ṣe ohun tí wọ́n rán mi, ìlà yẹn kò ní sí lójú fóònù náà. Inú odindi ìwé ni Sójà ti ń ka ọ̀rọ̀ Màmá, lójú tirẹ̀ wọ́n ń sọ nǹkan kan náà ṣáá. Nílé yẹn ní Ìgàndó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́. Màmá ò sọ pé “o ò rí i?” Wọ́n ra ẹ̀pà sísè, wọ́n fún mi lára rẹ̀, a sì wọkọ̀ padà.

Sójà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ òfin. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, mo kọ òfin tuntun fún un: kó fi ìkìlọ̀ sílẹ̀, kó má pè é ní àsọtúnsọ mọ́, ojú ìwé tó bá ní kéèyàn fọwọ́ kan bátìrì tí ìkìlọ̀ ò sì sí lókè rẹ̀, ìyẹn ni kó sọ di pupa. Mo pe ọ̀gá, mo sọ ohun tí mo rí ní Ìgàndó fún un, mo wá tẹ gbogbo ìwé ilé iṣẹ́ wa sínú fèrèsé dúdú náà lójú rẹ̀. Ti Màmá mọ́ fóó. Tiwa tó kù pọ́n bí epo, títí kan èyí tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gbọn orí. “Sójà náà ti dojú kọ mí! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màmá, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ó ti dá yín láre.”

Inú mi dùn, mo rò pé ó parí síbẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbé báàgì wọn sórí ẹsẹ̀.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Sójà ló fẹ́ kí n máa lọ lánàá, òun náà ló ní kí n dúró lónìí. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló ti ka ìwé mi?”

Mo fẹ́ lanu, ṣùgbọ́n ibi tó bá pupa nìkan lèmi náà máa ń kà.

“Màmá, ẹ má bínú,” ni ọ̀gá wí.

“Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n tí kò bá sẹ́ni tó máa kà á, ẹ jẹ́ kí n jókòó sílé, kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Ògiri ò ní kí n ṣe kíá.”

Ohùn wọn gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó sì dùn mí. Ọ̀gá wojú wọn, ó wo báàgì. Ó fa àga, ó jókòó tì wọ́n, ó ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò kà á kíákíá. Ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọmọ iléèwé, ó ń fi ìka tọ ìlà. Màmá tẹjú mọ́ ìka náà. Nígbà tó yá, ìka náà dúró, kò lọ mọ́.

“Màmá,” ó ní, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Àwòrán yìí. Wáyà pupa ló wà níbi tó yẹ kí dúdú wà.”

Sójà kì í wo àwòrán. Lójú rẹ̀ ìwé náà kò ní àbùkù kankan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá tẹ̀ lé àwòrán yẹn á jó ìnfátà rẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á. Màmá gba ìwé, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, omi sì lé sí wọn lójú.

“Ó ga o! A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. O ṣé, ọmọ mi. O ṣé gan-an ni.”

“Ọ̀gá” ni wọ́n máa ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa, tẹ̀yin tẹ̀yin, bí wọ́n tiẹ̀ lè bí i lọ́mọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ “o” lẹ́nu wọn sí i. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n ní kó máa kà á lọ.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ẹni tó bá kọ ìwé, kí wọ́n má rí àṣìṣe rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ṣì ń lo Sójà, mi ò rò pé mo lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ìgbà tó bá sọ fún mi pé kò sí pupa kankan mọ́ ni mo máa ń ṣí ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́, tí màá wá kà á, nítorí pé èèyàn kan jókòó síbì kan kó tó kọ ọ́.