Àlàfo Ojú Rẹ̀

Ojú ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jìnnà síra. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ti ojú ọ̀tún rẹ̀ dé ojú òsì, àfi kó wọ mọ́tò. Inú kì í bí i. Á ní tèmi ló fún mọ́ra jù, pé bí mo bá ń wo èèyàn, ńṣe ló dà bíi pé mo fẹ́ bá onítọ̀hún jà. Kò purọ́. Mo máa ń jà.

Ọ̀gá mi ni níbi iṣẹ́, ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan tó wà lẹ́yìn ìlú Òrè. Ayé ìjọba ológun ni, nígbà tí à ń tò sórí ìlà nítorí ṣúgà àti mílíìkì, tí owó oṣù sì ń dé nígbà tó bá wù ú. Àwọn àgbẹ̀ máa ń mú ewé, ẹ̀ka igi àti kòkòrò wá bá wa láti Àgọ́ Aláyè àti àwọn oko tó yí wa ká. A ó wò ó, a ó sọ ohun tó ń ṣe oko wọn fún wọn.

Maikirosikóòpù méjì la ní. Olójú kan ni àkọ́kọ́, agbéraga sì ni. Àfi kéèyàn gé nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó tó gbà láti wò ó, á sì tún dorí rẹ̀ kodò. Èkejì, tí à ń pè ní awò olójú méjì, lèmi fẹ́ràn. Èèrà lódindi, ewé lódindi, ẹ̀ka kòkó pẹ̀lú èèpo ara rẹ̀, bó bá ṣe wà lèèyàn á ṣe gbé e sábẹ́ rẹ̀. Àyè wà níbẹ̀ tí ọwọ́ méjèèjì lè wọ̀ tòun ti abẹ́rẹ́. Kì í sọ nǹkan di ńlá rẹpẹtẹ, àmọ́ ohun tó bá fi hàn ọ́ á dìde dúró. Wàá rí òkè rẹ̀, wàá rí kòtò rẹ̀. Ọ̀gá mi ṣàlàyé pé ojú kọ̀ọ̀kan ló ń ti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ wo nǹkan náà, gẹ́gẹ́ bí àwa méjèèjì ṣe ń wo ara wa yìí. Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ìyókù àlàyé náà.

Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ojú awò méjèèjì mú, kó fà wọ́n súnmọ́ra tàbí kó fẹ̀ wọ́n, títí àwòrán méjì á fi di ẹyọ kan. Bí mo bá lò ó tán, ọ̀gá mi á fẹ̀ ẹ́. Bí òun náà bá lò ó tán, màá fún un pọ̀, màá sì máa ráhùn. Ó máa ń ní à ń jà sí awò yẹn bíi tọkọtaya tó ń já aṣọ ìbora gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Nígbà tó yá, gílóòbù inú awò jó. Wọ́n ní kò sí owó òkèèrè tí wọ́n máa fi ra òmíràn, la bá gbé e lọ sójú fèrèsé kí oòrùn máa bá wa tan iná. Ọdún yẹn náà ni ọ̀gá mi sọ pé òun ń lọ sókè òkun. Gbogbo ẹni tó níwèé lọ́wọ́ ló ń lọ. Ó ti mọ àwọn òbí mi, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé ká fẹ́ra. Ó ní kí n dúró de òun, pé òun á ránṣẹ́ sí mi bí òun bá ti rí ibi fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Mo sìn ín dé ojú títì ní Òrè, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ti Bìní bọ̀ ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Òun kò jẹun. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì ń wo ojú rẹ̀ tó jìnnà síra yẹn títí ọkọ̀ fi kọjá àwọn sójà tó dínà.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo jókòó sídìí awò. Òun ló lò ó kẹ́yìn, bó ṣe fẹ̀ ẹ́ náà ló ṣì wà. Mo gbọ́wọ́ lé e kí n fún un pọ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Mo rò ó pé ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ nínú yàrá yẹn kò ju àlàfo ojú rẹ̀ lọ. Bó ṣe fẹ̀ yẹn kò gba ojú mi méjèèjì, mo bá di ojú òsì mi, mo fi ti ọ̀tún wò.

Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ fọwọ́ kan awò náà lọ́jọ́ kan, mo bú u débi tó fi kọ̀ láti gbá yàrá náà mọ́. Lẹ́tà kan dé láti òkè òkun, kò sí èkejì. Ní Sátidé, mo máa ń lọ ra ohun tí mi ò nílò ní Òrè, kí n lè rí àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Àwọn tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ ti mọ̀ mí, wọn kì í tún bi mí bóyá màá jẹun.

Ìyá àgbàlagbà kan wá láti Aráròmí-Obu lásìkò náà. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó oko kòkó rẹ̀, ó sì ti gbin kòkó kéékèèké sínú ọ̀rá láti fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn yẹn náà wá ń rọ. Mo gbé ẹ̀ka kan sábẹ́ awò, mo fojú kan wò ó. Mo rí nǹkan funfun tó tẹ́ pẹrẹsẹ lára èèpo, bíi ti gàrí tó bu. Mo sọ fún un pé ó bu ni, kí ó lọ fín oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fín sí kòkó nígbà òjò. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ó padà. Ó ti fín oògùn tó kù nílé rẹ̀ tán, kòkó náà sì ń kú lọ. Ó gbé ọ̀rá méjì kalẹ̀ níwájú mi, ewé wọn ti wálẹ̀. Mo tún di ojú òsì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ọma mi, ṣé ojú kan ń dùn ọ́ ni?”

Mo ní rárá.

“Fi méjèèjì ghò ó fún mi.”

Kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wò mí ni. Ìtìjú mú mi, torí mo mọ̀ pé ojú mi méjèèjì le koko, ẹni tí kò sí nílé ni mo ń fi ìkan ṣọ́. Mo di ojú awò méjèèjì mú, mo sì fún un pọ̀.

Nǹkan funfun náà dìde. Ó ní ẹ̀yìn, ó ní ẹsẹ̀ kéékèèké, ó ń mí. Kòkòrò ni, ó da ohun bí ìyẹ̀fun bo ara, èèrà sì ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín wọn. Ohun tí mo pè ní bíbu ń mu omi ara kòkó náà látọjọ́ yìí. Mo jẹ́wọ́ fún ìyá náà pé èmi ni mo ṣì í lọ́nà. Ó béèrè bóyá ìyókù ṣì lè yè. Mo ní kí ó dáná sun èyí tó ti bàjẹ́ jù, kí ó lé èèrà kúrò, kí ó sì máa fi omi ọṣẹ nu ìyókù. Ó ju ìdajì wọn lọ tó yè. Ó gbé ẹ̀pà wá fún mi nígbà tó gbìn wọ́n sóko tán, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbà á.

Àmọ́ ọjọ́ tí mo fún awò náà pọ̀ yẹn, bí ìyá náà ti jáde báyìí, mo fẹ́ dá a padà sí bí ọ̀gá mi ṣe fi í sílẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́, ó pọ̀ jù. Mo fún un, ó kéré jù. N kò sàmì sí i, n kò sì fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Ọdún kan ó lé tí mo fi ń ṣọ́ ọ, n kò mọ̀ ọ́n sórí. Mo sunkún níbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

Ogbó ti dé báyìí. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ ṣe jígí ojú ní Òrè. Oníjígí fi rúlà lé orí imú mi, ó wọn àlàfo ojú mi, ó ní ó fún díẹ̀. Mo ní mo ti mọ̀. Mo wá bi í pé mélòó ni tọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ jìnnà síra gan-an máa jẹ́ lórí rúlà yẹn. Ó rò pé ọkọ mi ni mo fẹ́ ṣe jígí fún. Ó ní òun ò lè mọ̀ láìrí i, kí n mú un wá.

Mo ní kò burú, bó bá ti dé, màá mú un wá.