Ibi Tí Hajarat Máa Ń Lọ ní Sátidé

Gbogbo Sátidé ni Hajarat máa ń wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí Israfil ọkọ ẹ̀ bá ti mutí yó, á ní ọkùnrin ló ń lọ bá níbẹ̀. Obìnrin náà kì í bá a jiyàn, títí àìsàn fi pa á.

Ìbínú Israfil ò bá òkú wọ sàréè. Sátidé tó tẹ̀lé fìdáù, ó mutí yó, ó ní kí dẹrẹ́bà tó máa ń gbé Hajarat gbé òun dé ibi tó máa ń já a sí. Òun fẹ́ fojú kan àlè náà.

Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni. Ó fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn èèyàn jókòó yíká, bàbá kan dìde dúró láàárín wọn, ó ń fomijé sọ bí ọtí ṣe tú ilé òun ká.

"Ta ni Hajarat ìyàwó mi ń wá bá níbí?" Israfil pariwo.

Màmá tó ń darí wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀, sà. Àga yín rèé. Hajarat ní ká máa fi í sílẹ̀ fún yín, pé ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ kan." Ó wo ẹ̀yìn Israfil títí dé ẹnu ọ̀nà. "Hajarat fúnra ẹ̀ ńkọ́?"