Mo Pe Àṣàkẹ́, Kò Dáhùn

Lónìí, èmi nìkan ni mo lé ajínigbé mẹ́fà kúrò nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi!

Ó dáa, wọn ò tó mẹ́fà. Mi ò tiẹ̀ rí ẹnì kankan.

Èmi àti Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ń gbin àgbàdo òjò àkọ́rọ̀. Nítorí àwọn tó ń jí èèyàn tà lẹ́rú, a máa ń pe ara wa lórí iṣẹ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Igbó mì. Mo sáré wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Àṣàkẹ́ ni:
“Baálé mi, irúgbìn ni mo kó sẹ́nu kí ọwọ́ mi lè ráyè. Ẹ ò wá mi wò?”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, kí lẹ̀yin ì bá ṣe?
Èmi gbà pé wọ́n ti gbé e, mo sì fi í sílẹ̀ sá lọ.