Pọ́ńpù Ikọ́ Fée Mi Ti Di Ti Gbogbo Agboolé

Ẹ bá mi kí ìyá mi, wọ́n ti di dókítà ní Kambolé láàárọ̀ yìí.

Mo ti Sokodé wá kí wọn. Mo wá pọ́ńpù ikọ́ fée mi títí, n ò rí i. Èyí tí mo ń fà sẹ́nu láràárọ̀ lálaalẹ́ kí ọ̀nà èémí mi má baà wú.

"Ìyá, pọ́ńpù mi dà?"

"Mo ti gbé e fún Bàbá Sídì aládùúgbò wa. Ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n sùn."

"Èmi wá ńkọ́?"

"Látìjẹta tó o ti dé, ta ló gbọ́ ikọ́ rẹ? Ara rẹ ti yá. Ṣé wọ́n ń fi oògùn ṣahun ni?"

Ẹ gbọ́ o. Nítorí pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́, n ò nílò rẹ̀ mọ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Sídì. Àwọn ìyàwó wọn náà ti fà nínú ẹ̀, ó ti tán. Wọ́n tún ní kò dùn.

Mo padà délé, ìyá mi ń yan ata. Èéfín ẹ̀ wọ̀ mí lọ́fun, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Wọ́n mi orí.

"Ṣé o rí i, pọ́ńpù yẹn ò tiẹ̀ dáa."

Mò ń dúró de alùpùpù tó máa gbé mi lọ sílé oògùn ní Tchamba. Ìyá mi ní kí n ra méjì bọ̀, Bàbá Sídì ń béèrè tiwọn.

Ẹ bá mi dá sí i: ṣé méjì á tó agboolé wa?