Ẹnu Tó Ní Kò Sẹ́ni Tó Kú

Lásísì Àkànmú, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n ti ń gbọgbẹ́. Ọmọ arógunyọ̀, ọmọ arógun-má-sàá. Ọkọ Sáfú, bàbá Wàhábì. Bí a ṣe máa ń kì í nìyí tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, òun náà á sì gbé àyà síwájú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé. Kò jagun rí. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn lọ́nà Ìrókò, ó sì ní ẹ̀rọ kan tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí. Láti ìgbà tí a ti jọ ń dẹ òkété ni mo ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, Onítẹ̀bọmi ni mí, ẹran Iléyá rẹ̀ kò sì fo ilé mi rí, bẹ́ẹ̀ ni ìrẹsì Kérésì mi kò fo ilé rẹ̀. Mo ka ìwé dé ìwé márùn-ún kí bàbá mi tó kú. Òun kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Akọ̀wé, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn máa ń dákẹ́ láago méje òwúrọ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Lásísì ló ń pa á. Bí aago méje bá ti ń sún mọ́lé, ì báà jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ kún ẹnu ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ pé àwọn obìnrin tò lọ rẹrẹ pẹ̀lú agbọ̀n lórí, á pa ẹ̀rọ, á gbé rédíò rẹ̀ lé orí àpò gàrí, á fa wáyà orí rẹ̀ jáde, á sì ní kí gbogbo wa panu mọ́. Àwọn obìnrin a máa bú u. Ìyá Sítífánù, tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, bi í lọ́jọ́ kan bóyá ìròyìn ló fẹ́ kí òun fi tẹ ẹ̀bà fún ọkọ òun. Lásísì yí ohùn rédíò sókè. Ọmọ tirẹ̀ ló wà lójú ogun.

Wàhábì Àyìndé nìkan ni ọmọkùnrin tí Sáfú bí fún un. Ó wọ iṣẹ́ sọ́jà, wọ́n sì gbé e lọ sí Òkè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí jà. Rédíò ìjọba là ń gbọ́, nítorí òun nìkan ló ń dún ketekete lágbègbè wa. Ohun tó sì kọ́kọ́ bí Lásísì nínú ni bí wọ́n ṣe ń to ìròyìn wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ibi tí ìyàwó ẹni ńlá kan ti lọ ṣí ẹ̀rọ omi. Wọ́n á dárúkọ gbogbo ẹni tó sìn ín débẹ̀, títí kan ẹni tó gbé àga. Wọ́n á sọ ohun tí alága ẹgbẹ́ sọ, wọ́n á tún sọ pé gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ogun á wá gbẹ̀yìn, gbólóhùn méjì péré: àwọn ọmọ ogun wa ti lé àwọn ọ̀tá sá, ẹnikẹ́ni kò sì kú nínú tiwa. Ó parí. Ó kan bọ́ọ̀lù.

Bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kejì wà lórí oyè, rédíò kan náà yìí, ohùn kan náà yìí, a máa ka òkú sọ́jà fún wa láràárọ̀ bí ẹni ń ka ebè nínú oko. Ìjọba yí padà, ẹgbẹ́ tí inú rédíò dùn sí gorí oyè, láti ọjọ́ yẹn ni sọ́jà ti jáwọ́ nínú kíkú. Ẹgbẹ́ yìí ni mo ń ṣe. Alága wọ́ọ̀dù fún mi ní fìlà, mo ń dé e lọ sóko. Lásísì a wo fìlà náà, á ní, “Ẹgbẹ́ yín mà gbọ́n o, Akọ̀wé. Wọ́n ti rí oògùn ikú.” Èmi náà á dáhùn pé ẹni tí kò mọ ìwé ni kì í gba rédíò gbọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ bi í léèrè pé ṣé àwọn tó kọ́ òpó gíga báyẹn sójú ọ̀run, ṣé irọ́ ni wọ́n fẹ́ fi pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín mi jù.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ fún un lórí fóònù kò bá ti rédíò mu. Wàhábì ní ẹ̀ẹ̀kan làwọn ń jẹun lójúmọ́. Ó ní ọta ìbọn tó wà lọ́wọ́ òun kò tó èyí tí ọdẹ abúlé wa ń gbé wọ igbó ẹtu. Lásísì wá ní òun fẹ́ bá wọn sọ ọ́. Ètò kan wà lórí rédíò náà tí àwọn ará ìlú fi ń pè wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń tẹ nọ́ńbà náà kí wọ́n tó gbé e. Gbogbo wa tò yí rédíò ká, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, látẹnu rẹ̀ àti láti inú àpótí. Ó kí wọn, ó ní ọmọ òun wà lójú ogun, ebi sì ń pa wọ́n níbẹ̀. Olóòtú dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, “Bàbá, ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ ń ṣe?”

Lásísì ní, “Ẹgbẹ́ bàbá sọ́jà.”

Bí wọ́n ṣe gé e nìyẹn. Orin gba ibẹ̀. Nígbà tí orin tán, olóòtú ní nẹ́tíwọ̀kì ni, ó sì kìlọ̀ fún àwọn tí àwọn ọ̀tá ìjọba ń rán níṣẹ́. A rẹ́rìn-ín. Èmi ni ẹ̀rín mi pẹ́ jù. Lásísì di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wò ó, lẹ́yìn náà ló tan ẹ̀rọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni rédíò sọ pé àwọn ọmọ ogun ti gba ìlú kan padà, kò sì sẹ́ni tó kú nínú wọn. Mo kan sáárá sí wọn. Kí oòrùn tó dé àtàrí, fóònù Lásísì dún. Nọ́ńbà Wàhábì ni, ohùn Wàhábì kọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ náà ń sunkún. Ó ní Wàhábì ti lọ, òun àti àwọn mìíràn, àwọn sì ti sin wọ́n sí ibẹ̀ nítorí ooru. Lásísì kò bi í ju ìbéèrè kan lọ. Ó ní, “Níbo ni ìbọn ti bà á?” Ó gbọ́ èsì, ó na fóònù sí mi, ó ní, “Àyà ni, Akọ̀wé. Iwájú ni.” A gbé e jókòó sórí àpò gàrí.

Lọ́jọ́ kejì ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti dá ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ní kí n kọ ìkéde òkú tí a ó gbé lọ sí rédíò. Sáfú ní kí a máà gbé nǹkan kan dé ọ̀dọ̀ àwọn òpùrọ́ yẹn. Lásísì ní ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni. Ó ní, “Ẹnu tó ní kò sẹ́ni tó kú, ẹnu yẹn ni mo fẹ́ kó dárúkọ ọmọ mi.” Ó ní òun kò bẹ̀bẹ̀ fún ohun mìíràn lọ́wọ́ ìjọba. Mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀, mo sì kà á fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Wàhábì Àyìndé, ọmọ Lásísì Àkànmú, ẹni tó kú sójú ogun fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ní kí n tún ibi “ojú ogun” kà. Mo tún un kà.

Mo dé fìlà ẹgbẹ́ mi, mo wọ ọkọ̀ ní Moniya, mo dé ilé iṣẹ́ rédíò. Obìnrin kan ló jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba ìkéde, ó ń jẹ ẹ̀pà sísè. Ó ka ìwé mi, ó wo ojú mi, ó ní, “Bàbá, ta ló kọ èyí? Ọwọ́ ẹni náà mà dára o.” Mo ní èmi ni. Ó ní kò wọ́pọ̀ mọ́, irú ọwọ́ àwọn àgbà ìgbà àná. Orí mi wú. Ibi tí orí mi ti ń wú ló ti fa báírò pupa yọ. Ó ní òun kò lè gba “ojú ogun” wọlé, pé ìròyìn àwọn ti sọ pé kò sẹ́ni tó kú, ṣé kí ẹnu àwọn máa ta ko ara wọn ni. Ó fa ilà sí i. Ó kọ “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́” sókè rẹ̀. Ó ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, pé ikú kan ni gbogbo wọn ṣáà jẹ́. Ó ní tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n máa gbé e lọ.

Mo lè gbé e lọ. Ohun tí mo ń rò láti ọjọ́ yẹn nìyí. Ilẹ̀kùn wà ní ẹ̀yìn mi, ó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ro ó pé kí wọ́n ṣáà dárúkọ ọmọ náà ló ṣe kókó, mo ro ó pé aláṣẹ ni obìnrin náà, mo sì tún ro ó pé ó yin ọwọ́ mi. Mo ní kò burú. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i, mo tiẹ̀ yí ìrù rẹ̀ bí tíṣà wa ṣe kọ́ wa.

Mo padà sílé, n kò sọ fún Lásísì. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kà á, ó pa ẹ̀rọ kí aago méje tó lù. Àwọn ará abúlé wá, àwọn ará Ìrókò wá, Ìyá Sítífánù gbé àga wá, kò bú ẹnikẹ́ni. Ohùn náà dé: Wàhábì Àyìndé, ọmọ Lásísì Àkànmú, tó jáde láyé lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ó bọ́ sórí òkú mìíràn.

Ìyá Sítífánù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àìsàn wo?”

Lásísì yíjú sí mi. “Akọ̀wé, kí lo kọ?”

Mo ní ojú ogun ni mo kọ.

“Ta ló pa á rẹ́?”

Mo ní obìnrin tó ń gba ìkéde ni.

“Níbo lo wà nígbà tó ń pa á rẹ́?”

Mo ní mo wà níwájú rẹ̀.

“Kí lo sọ?”

Mo ní mo sọ pé kò burú.

Kò na ọwọ́ sí mi. Ó dìde, ó pa rédíò, ó lọ tan ẹ̀rọ. Kò sí ẹ̀gẹ́ kankan lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń pariwo lásán, a ń wo ara wa títí oníkálukú fi gba ilé rẹ̀ lọ. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí aago méje bá ti lù, ẹ̀rọ tó máa ń dákẹ́ fún ìròyìn ló wá ń hó lé e lórí. Ó lọ ẹ̀gẹ́, kò lọ ẹ̀gẹ́, á tan án. Ariwo náà á dé ilé mi ní òdìkejì ọ̀nà, n kò sì ní gbọ́ ohun tí rédíò tèmi ń wí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ àìsàn náà ṣe rìn. Àwọn tó wá kí i láti Moniya ń béèrè irú àìsàn tó jẹ́. Ìbátan Sáfú kan, tí ẹnu rẹ̀ kò dára, ní òun gbọ́ pé ńṣe lọmọ náà sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sá pa mọ́ síbì kan, tí àìsàn sì pa á síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí ìbọn bà níwájú ni wọ́n ń sọ pé ó sá yìí. Ẹni tó bá sì kí Lásísì ní “ọmọ arógun-má-sàá” lẹ́nu ẹ̀rọ, yóò rí i pé kì í gbé àyà mọ́. Mo gba Moniya lọ, mo ju fìlà ẹgbẹ́ sílẹ̀ lójú alága wọ́ọ̀dù. Ó bi mí bóyá ẹgbẹ́ kejì ti fún mi ní tiwọn. Mo lọ bẹ Lásísì, èmi àti àwọn àgbà ìjọ mi, èmi àti Lèmọ́mù wọn. Ó ń fún wa lómi mu, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọdún méjì gbáko. Bí ẹyin bá bọ́, wọn kì í ṣà á.

Rédíò náà ṣì wà. Àwọn tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti kó lọ, àwọn mìíràn ti dé, ẹgbẹ́ kan yin ara rẹ̀ lónìí, òmíràn á yin ara rẹ̀ lọ́la. N kì í tan án mọ́. Wọ́n ní kí àgbàlagbà máa dárí jini. Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ti àwọn yẹn kò tíì kàn.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá lọ́hùn-ún ni ibà gbé Lásísì dè. Lọ́jọ́ kejì Sáfú ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó sì mọ̀ mí. Ó ní, “Akọ̀wé, ọwọ́ rẹ dára. Ẹnu rẹ ni kò dára.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n fún òun lómi, mo fún un, ó mu ún.

Ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́ tán. Ẹnìkan nínú ẹbí ní kí n jókòó kọ ìkéde, pé kí wọ́n yára gbé e lọ sí rédíò. Mo ní n kò ní kọ ọ́. Mo gun ọ̀kadà, mo ní kí ọlọ́kadà máa gbé mi lọ láti abúlé dé abúlé, títí dé Ìrókò, títí dé Moniya, níwájú ilé ìbátan Sáfú tó ní ọmọ náà sá. Níbi gbogbo tí a dé, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí fìlà lórí, mo sì sọ ọ́ sókè. Mo ní, “Lásísì Àkànmú kú lówùúrọ̀ yìí. Àìsàn ráńpẹ́ ló pa á. Wàhábì ọmọ rẹ̀, ojú ogun ló kú sí, àyà ni ìbọn ti bà á. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́.” Àwọn kan pe ara wọn sóde láti wò mí. Ohùn mi ti há kí n tó padà dé.

A sin ín lọ́jọ́rú yẹn, lẹ́yìn ìrun Àsárì, lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ rẹ̀.